Ìdágbére fún Sábírà ní Èdè Abúlé Mẹ́ta

Ẹ̀yin ará Gámbírì, ẹ kú ará-fẹ́ra-kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gòkè wá, ẹ kú ẹsẹ̀. Ẹ jókòó sórí àpótí yín. Èmi ò lè jókòó. Sábírà àbúrò mi ló kú. Mo rí ọjọ́ tí wọ́n bí i, mo tún rí ọjọ́ tí a wẹ òkú rẹ̀. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Rahmátì ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ fà mí láṣọ: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èdè Páṣítò sọ ọ́. Àwọn àlejò ìsàlẹ̀ ò gbọ́ tiwa." Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé àwọn àlejò ló kú ni?"

Abúlé mẹ́ta péré ló ń sọ èdè yìí láyé. Ará Wáígálì lókè ń sọ èyí tó jọ ọ́, bí ọmọ ìyá méjì tó lọ sílé ọkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: bí wọ́n bá rọra sọ ọ́, a ó gbọ́ ìdajì, a ó fi ẹ̀rín dí ìyókù. Páṣítò ní tiẹ̀, àlejò tó wọlé tí kò lọ mọ́ ni.

Sábírà ò gbà fún un. Nígbà tí Palwáṣà, ìyàwó Rahmátì, kọ́kọ́ ti ìsàlẹ̀ dé, ó fi Páṣítò béèrè iyọ̀. Sábírà tó ń fi Páṣítò ta awùsá lọ́jà ṣe bí adití. Ọjọ́ mẹ́sàn-án! Àwọn méjèèjì ń jẹ ọbẹ̀ àtẹ́. Lọ́jọ́ kẹwàá, Palwáṣà fi èdè wa jágbe: "Ìyá ọkọ mi, iyọ̀! Iyọ̀ ni mo ní!" Sábírà da iyọ̀ sọ́bẹ̀ títí ajá fi kọ̀ ọ́.

Èmi ńkọ́? Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́: èmi ni àgbà náà. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń fi Páṣítò tọrọ omi, mo ń bù ú fún wọn. Sábírà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń sin èdè ìyá wa láàyè." Mo bínú. Oṣù méjì ni mi ò fi dé ilé rẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, bí a ti ń wẹ̀ ẹ́, ó yẹ kí obìnrin ilé ka orúkọ ìyá òkú, ìyá ìyá rẹ̀, títí dé ìran méje. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bú sẹ́kún. Mo wo àwọn ọmọ mi obìnrin. Wọn ò mọ̀ ọ́n kà. Palwáṣà ló gbà á lẹ́nu mi, ó kà á parí, kò fo ìyá kan. Ọmọ àlejò! Inú oko, nídìí koríko tí wọ́n jọ ń tu, ni Sábírà ti kọ́ ọ.

Nítorí náà, Rahmátì, jókòó. Èdè wa ni n ó fi dágbére. Palwáṣà, dìde, túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn èèyàn rẹ. Má bù ú kù.

Sábírà, ọmọ ìyá mi, máa lọ. Kí òkúta ọ̀nà má gún ọ lẹ́sẹ̀. Bí o bá rí ìyá wa, sọ fún un pé mo ń bọ̀, àmọ́ kì í ṣe kíákíá. Ọmọ ọmọ mi obìnrin mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì mọ orúkọ tí yóò kà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wẹ̀ mí.