Fèrèsé Mi Ò Tì Lọ́jọ́ Náà

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ jókòó. Kí ẹnikẹ́ni má tíì wá dì mọ́ mi, torí ẹ lè kábàámọ̀ ẹ̀ bí mo bá sọ̀rọ̀ tán. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró mi ò ní gbé e dé ìgbà òtútù, mi ò sì lè gbé irọ́ ọdún mẹ́sàn-án wọ sàréè. Èmi Lorna Pruett, tí mo fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì iléèwé nílùú yìí, tí ẹ ń pè ní ìyá gbogbo ọmọ, ìkà ni mí.

Ẹ rántí Dale Hutchens. Ó ṣe ohun burúkú sí ọmọbìnrin kan nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó sì ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà. Mi ò ní bá a bò ó mọ́lẹ̀. Ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tó fipá bá èèyàn ṣèṣekúṣe, èyí tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò lórí kọ̀ǹpútà, tòun ti àwòrán àti àdírẹ́sì. Nígbà tó kó wá sí ilé tó kọjú sí tèmi, mo tẹ ojú ìwé náà jáde ní ogójì, mo há a sẹ́nu ọ̀nà gbogbo yín. Ẹ̀ṣẹ̀ Dale ló wà níbẹ̀, àmọ́ àdírẹ́sì Corinne ìyàwó rẹ̀ náà ni, àdírẹ́sì Tessa ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, náà ni. Mi ò ronú kàn án. Ẹ wò ó, irọ́ tún ni, mo ronú kàn án dáadáa. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, àwa gé gbogbo ọwọ́. Wọ́n lé Corinne kúrò níbi tó ti ń se oúnjẹ ọmọ iléèwé. Nígbà tí Tessa pé ọdún mẹ́wàá, ó pe ọmọ méjìlá wá síbi ọjọ́ ìbí rẹ̀, èmi náà sì pe àwọn ìyá wọn lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kọ́mọ wọn lọ. Ẹyọ ọmọ kan ò yọjú. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Corinne kan ilẹ̀kùn mi, ó gbé kéèkì lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ bá wa jẹ ẹ́, mà. Ó ti pọ̀ jù fún ẹnu mẹ́ta." Mo gbà á. Mo jẹ ẹ́, ó sì dùn. Irú èèyàn wo ni mí?

Síbẹ̀, wọn ò kó lọ. Ni Wendell tó jókòó sáàárín yín yìí bá mú àbá wá. Wendell, má gbójú sá fún mi, mi ò pa á mọ́ ẹ. Ní ìpínlẹ̀ wa, ẹni tó bá wà nínú ìwé yẹn ò gbọdọ̀ gbé láàárín ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà sí iléèwé tàbí ibi ìṣeré ọmọdé. Wendell ní, "Ẹ̀gbọ́n Lorna, ẹ jẹ́ ká ṣe ibi ìṣeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀ fún un. Ẹyọ jáńgílọ́fà kan ti tó!" A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa. Èmi ni mo di téépù mú tí Wendell fà á dé ara ògiri wọn, ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélógójì péré. A ri jáńgílọ́fà mọ́lẹ̀, a gbé pátákó síbẹ̀ pé ibi ìṣeré ọmọdé ni, gbogbo yín sì wá jẹ sọ́séèjì lọ́jọ́ tí a ṣí i. Àṣé ọgbọ́n wa ti jù. Adájọ́ ní Dale ti ń gbé ibẹ̀ kí jáńgílọ́fà tó dé, kò sẹ́ni tó lè lé e. Kó ṣáà má ṣe fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ ni, torí bó bá fẹsẹ̀ kàn án, ẹ̀wọ̀n ni. Látọjọ́ náà ni mo ti gbé àga sójú fèrèsé, tí mò ń ṣọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Tessa nìkan ló ń fì lórí jáńgílọ́fà, ohun tí a rì mọ́lẹ̀ láti fi lé bàbá ẹ̀. Ó fì, ó fì, ọwọ́ ẹ̀ yọ̀, ó já bọ́ lé apá. Igbe tó ké! Dale sáré jáde, ó dé ẹ̀bá pátákó, ó dúró. Ó dúró o, ẹ̀yin ará! "Tessa, rọra rákò wá! Wá bá Dádì!" Ọmọ ò lè mira. Ló bá wo òdìkejì títì, ó rí mi. "Mà! Ẹ dákun, ẹ bá mi gbé e! Mi ò lè wọbẹ̀!" Kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ láti ilé mi. Mo jókòó. Mò ń retí kó fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Nígbà tó sì wọbẹ̀ lọ gbé ọmọ ẹ̀, ọlọ́pàá ni mo pè, mi ò pe ọkọ̀ aláìsàn.

Ní kóòtù, Tessa ní, "Dádì mi kọ́kọ́ pe Màmá Lorna. Ẹ bi wọ́n." Wọ́n bi mí. Mo gbọ́wọ́ lé Bíbélì, mo ní mi ò gbọ́ ìpè kankan, àti pé ojoojúmọ́ ni mò ń rí i níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fún un. Nígbà tó jáde, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Corinne ni ìyá àti ọmọ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé kan. Dale ò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀. Inú mọ́tò ló ń sùn títí dòní.

Ẹ má tíì sunkún, mi ò tíì dé ibi tó burú jù. Kí wọ́n tó kó lọ, Tessa ṣì ń wọ bọ́ọ̀sì mi, wọ́n ti fi símẹ́ńtì ọsibítù di apá ẹ̀ tó kán. Ẹ̀yìn mi gan-an ló ń jókòó, torí kò sọ́mọ tó ń sún fún un. "Ẹ káàárọ̀, mà," láràárọ̀, bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn, ó fẹnu sí mi létí: "Mà, ṣé fèrèsé yín tì lọ́jọ́ náà ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, ó tì." Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mo sọ fún Mọ́mì bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ ò lè gbọ́ ọ kí ẹ má dìde."

Ìwé tí mo fi búra pé irọ́ ni mo pa ní kóòtù ti wà lọ́wọ́ lọ́yà láti àárọ̀, kí wọ́n lè mú ẹjọ́ kejì yẹn kúrò lọ́rùn Dale. Wendell, lọ hú jáńgílọ́fà yẹn lónìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ dákun, bí ẹ bá fẹ́ dáàbò bo ọmọdé, ẹ kọ́kọ́ ka iye ọmọdé tó wà nínú ilé tí ẹ fẹ́ sọ òkò lù. Ẹnikẹ́ni tó bá sì mọ ibi tí Tessa wà, kó bá mi bẹ̀ ẹ́. Kó sọ fún un pé fèrèsé mi ò tì. Mo gbọ́ ohùn bàbá ẹ̀ ketekete.