Omi Tó Mọ́ Gaara Tí Mo Fún Ọmọ Mi Mu

Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé ìtàn ìdárayá ni mo fẹ́ sọ. Bí ọmọ mi bá wọ ilé ìtọ̀ báyìí, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí. N kò ní jẹ́ kó fa omi sí i àfi tí mo bá wo àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀. Bó bá ní inú ń run òun díẹ̀, àyà mi á já. Bó bá sùn pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, mo ti wọ yàrá rẹ̀ nìyẹn, mo ti gbé ọwọ́ lé e láyà kí n mọ̀ bóyá ó ń mí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Fèyí. Àwọn dókítà ní kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ padà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóṣooṣù. Ṣé ìyẹn nìkan ló ń bà mí lẹ́rù? Ì bá dára bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan. Bàbá rẹ̀ rò pé òun lòun fi ọmọ náà sínú ewu. Kì í ṣe òun rárá. Èmi ni, ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni!

Stone Mountain la ń gbé, níbí ní Atlanta. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Downtown, èmi sì ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan. Nínú iṣẹ́ tèmi yìí, bí mo bá wọ yàrá arúgbó kan, mo gbọ́dọ̀ fọwọ́. Bí mo bá jáde, mo gbọ́dọ̀ tún un fọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń bú mi, torí n kò lè sọ pé n kò mọ ohun tí kòkòrò àìsàn ń ṣe. Àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ ọkọ mi ló kọ́ ọ ní lílọ pàgọ́ sórí òkè. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ló dé tí ẹni tó ní ilé oníyàrá mẹ́ta ń lọ sùn nínú koríko, èmi náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fẹ́ràn rẹ̀ gidi, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Bó bá kan ọ̀rọ̀ omi, kì í ṣeré rárá. Á lọ pọn ọ́n lápá òkè odò, á fi asẹ́ rẹ̀ sẹ́ ẹ, á tún wá gbé e kaná títí á fi hó yaya. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fẹnu kan ìkán omi kan kí gbogbo ìyẹn tó parí.

Lọ́jọ́ tí a ń di ẹrù, ó rí ọ̀rá kékeré kan nínú báàgì mi.

“Mummy Fèyí, kí leléyìí?”

“Álọ́ọ̀mù ni. Ẹ̀yin ẹ gbé asẹ́ tiyín, èmi náà gbé tèmi.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Álọ́ọ̀mù kàn máa fa dọ̀tí lọ sílẹ̀ ni o, kò lè pa germs. Abeg, fi nǹkan yẹn sílẹ̀ jàre.”

Ẹ̀rín yẹn dùn mí. Ó dà bí ẹni pé ìyá mi ló ń fi rẹ́rìn-ín. Nílé wa l'Ékìtì, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, omi odò á pọ́n bí ẹrẹ̀. Ìyá mi á mú òkúta funfun yẹn, á fi rò ó yíká nínú ìkòkò, ẹrẹ̀ á rọlẹ̀, omi á sì mọ́ gaara. Omi yẹn ló fi tọ́ gbogbo wa dàgbà, kò sẹ́ni tó kú nínú wa. Mo ti ọ̀rá náà bọ àárín aṣọ Fèyí.

Orí òkè kan ni a lọ, lápá àríwá Georgia. Kò sí ilé níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ omi, koríko àti igbó kúkúrú ló tẹ́ rẹrẹ, odò kékeré kan sì ń ṣàn gba àárín rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn, n kò ní parọ́. Àmọ́ òjò rọ̀ mọ́jú, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, odò náà ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Ọkọ mi fi asẹ́ sẹ́ ẹ títí, ẹrẹ̀ dí asẹ́ náà pa. Ó ní òun á padà sídìí mọ́tò lọ mú òmíràn wá, ìrìn bíi wákàtí kan ní àlọ nìkan. Kó tó lọ, ó ní kí n jẹ́ kí omi náà silẹ̀, kí n sì sè é dáadáa.

Kò tíì pẹ́ tó lọ tí Fèyí ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ẹ gbọ́ o, sítóòfù wà níwájú mi. Gáàsì wà nínú rẹ̀, ìṣáná wà lápò mi. Kò sóhun tó ní kí n má sè é, àfi oríkunkun. Mo mú álọ́ọ̀mù mi jáde, mo rò ó yíká nínú ìkòkò gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe. Kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ tí mo fi ń rí ìdí ìkòkò. Inú mi dùn! Mo ní lọ́kàn mi pé kí ọkọ mi wá wo omi báyìí. Mo rọ ọ́ sínú ike Fèyí, ó sì mu ún dé ìdajì kó tó mí.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ dé, ó wo omi náà, ó ní, “Wow! Ṣé o sè é?”

Mo ní, “Mo sè é.”

Fèyí gbójú sókè wò mí. Mo ṣẹ́jú sí i, òun náà sì fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la mu omi yẹn.

Inú rirun díẹ̀ ni tèmi àti ti ọkọ mi. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ti Fèyí bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bí ìgbẹ́ gbuuru lásán, ìgbà tó ṣe, ẹ̀jẹ̀ ló ń yà. A gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n dá a dúró síbẹ̀. Kò pẹ́, kò tọ̀ mọ́, ojú rẹ̀ sì ń wú. Dókítà obìnrin kan wá bi wá bóyá ọmọ náà mu omi odò tí a kò sè. Ọkọ mi kò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, “No, ma. My wife boiled it herself.” Gbogbo wọn kọjú sí mi. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mi ń kú lọ níwájú mi, mo ń dáàbò bo ojú ara mi!

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, mo sáré tẹ̀lé dókítà náà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó fà mí dìde. Ó ní ìtọ́jú tí wọ́n ń fún un kò ní yí padà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n ti sọ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ọkọ mi. Ó ní òun kò ní sọ, pé èmi ni kí n lọ sọ ọ́ fúnra mi.

Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ pè. Mo ń sunkún, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bi mí pé:

“Ṣé o kò sè é ni?”

“Màámi, ṣebí bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe é?”

“Ìgbà wo ni mo fún yín lómi álọ́ọ̀mù mu láìsè é? Kí ẹ tó jí ni mo ti máa ń gbé e kaná. Ẹ̀yin kàn ń jí wá bá omi tútù nínú àmù ni.”

Ẹ ò rí i! Ìdajì iṣẹ́ ìyá mi ni mo mọ̀, oorun ló gba ìdajì yòókù lójú mi, ìdajì tí mo mọ̀ yẹn ni mo sì gbé gun orí òkè láti fi bá ọkọ mi figagbága. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka èyí, bó ti wù kí omi odò mọ́ tó, ẹ sè é kó hó. Ojú kò lè rí ohun tó ń pa ọmọ.

Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí a padà délé. Ọkọ mi ti fi àgọ́ rẹ̀ àti gbogbo ohun èlò rẹ̀ tọrẹ. Láràárọ̀, bí a bá kúnlẹ̀ gbàdúrà, ó máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ji òun tí òun gbé ọmọ lọ sórí òkè. Èmi á sì ṣe àmín. Mo ń bẹ̀rù pé bí mo bá sọ ọ́, kò ní lè wo ojú mi mọ́. Bí n kò bá sì sọ ọ́, ẹ̀bi yìí á pa á. Láàárọ̀ yìí, bí a ṣe dìde lórí ìkúnlẹ̀, Fèyí tẹ̀lé mi dé kíṣìnnì, ó fa aṣọ mi.

“Mummy, can I tell Daddy pé kì í ṣe òun? Àbí ó ṣì jẹ́ our secret?”

Mo ní kó lọ wọ bàtà rẹ̀, pé bọ́ọ̀sì ilé ìwé ti fẹ́ dé. Ó ń dé láti ilé ìwé láìpẹ́ báyìí, mo sì mọ̀ pé á tún bi mí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n sọ fún un?