Olúwa Fa Ọ̀nà Bọ́mbéè sí Délì Gùn

Ẹ bá mi gbé Jésù ga, ẹ̀yin ará Ìkọ̀lé! Ẹ tún gbé e ga sí i! Ọlọ́run tó da inú ọkọ mi rú ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí.

Ẹ mọ̀ pé gọ́mẹ́ńtì rán Bàbá Fẹ́mi lọ kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ ní Bọ́mbéè, nílẹ̀ Íńdíà. Ọkọ̀ òkun ló fẹ́ wọ̀. Ó ku ọ̀la kó lọ ni mo gbọ́ pé Dọ́kásì ọmọ Ìfàkì ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Délì, nílẹ̀ Íńdíà kan náà! Dọ́kásì tí ìyá ọkọ mi fẹ́ fi ṣe ìyàwó ilé kí n tó dé. Màmá, ẹ má wò mí báyẹn, ilé Ọlọ́run la wà. Ṣebí ẹ̀yin lẹ di èlùbọ́ sínú agolo, tí ẹ fi àkísà ìró yín so ó, tí ẹ ní, "Ọmọ ulé ni, bá mi gbé e fún un." Ta ló sì máa kọ̀ láti gbé èlùbọ́ fún ará ilé tó wà lájò?

Mo sáré lọ bá tísà kó fi ìlú méjèèjì hàn mí nínú máàpù. Ìka mi kan ṣoṣo ló gba àárín wọn! Tísà ní kí n fọkàn balẹ̀, ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin máìlì, rélùwéè á rìn ín tọ̀sán-tòru. Ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rọ̀ ni ó bá fi kún un pé bàálù á fò ó ní bíi wákàtí mẹ́ta. Háà! Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn láti Ìtapàjí wá síbí á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ!

Owú jẹ mí, ó jẹ mí dé egungun. Bí mo bá ń gúnyán, Dọ́kásì ni mò ń gún. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bíbélì ní Ọlọ́run owú ni Ọlọ́run wa, ta wá ni èmi? Mo gbààwẹ̀. Mi ò ní kí bàálù já o, ọkọ mi lè wà nínú ẹ̀. Mo kàn ní, "Olúwa, fa ọ̀nà yẹn gùn."

Ọkọ mi dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò tíì kí i káàbọ̀ tán tí mo ti ń tú àpótí rẹ̀. Kí ni mo rí? Agolo èlùbọ́! Kókó tí Màmá ta ò tíì tú, kòkòrò ti kún inú rẹ̀. Bàbá Fẹ́mi ní òun wọ bàálù Délì lóòótọ́, àmọ́ bí ẹ̀rọ ṣe bú gbìì báyìí, inú òun dà rú, òun bì sára ọkùnrin kan, wọ́n sì sọ òun kalẹ̀ kó tó gbéra. Kò súnmọ́ bàálù mọ́ látọjọ́ náà. Rélùwéè ńkọ́? Ó ní àwọn ọ̀gá ibi ìkọ́ṣẹ́ kì í fún àwọn láyè ọjọ́ tó tó bẹ́ẹ̀. Halelúyà! Mo jó yí agolo yẹn ká.

Ògo ni fún Olúwa! Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì jókòó o, nítorí bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Dọ́kásì náà ti dé sí Ìfàkì. Àná ni mo sì rí Màmá tó ń sá èlùbọ́ tuntun. Ẹ bá mi gbàdúrà, ẹ̀yin ará: lọ́rì ò da inú ọkọ mi rú rí.