Ẹ̀bẹ̀ Mẹ́ta Lẹ́nu Ọ̀nà Mi

Mo búra níwájú yín, ẹ̀yin ọmọ àbúrò mi: ìtàn yìí ò ní gùn. Bó bá gùn, ọjọ́ orí mi ni kí ẹ bá wí.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́… ìyẹn nígbà tí mo pé ọgọ́ta ọdún, tí mo ṣì ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù nílé ẹrù ní Damastown, lókè òkun níbí… bàbá Júù kan ń gbé ilé kejì sí mi. Bàbá Bẹ́njámínì. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Nígbà yẹn, aládùúgbò ń kan ilẹ̀kùn. Lónìí ńkọ́? Fóònù ni wọ́n á tẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, bàbá kan ilẹ̀kùn mi.

"Àwẹ̀ ńlá tí àwa Júù fi ń tọrọ ìdáríjì ń bọ̀," ló wí. "Ọlọ́run lè dárí èyí tí mo ṣẹ̀ Ẹ́ jì mí. Èyí tí mo ṣẹ̀ ọ́, ọwọ́ rẹ ló wà. Mo sọ ládùúgbò pé irú tí ò ń sè ló pa ológbò mi. Dárí jì mí."

Ẹ gbọ́, ológbò ọ̀hún wà lójú fèrèsé, ó ń wò wá.

Kí àgbà máa bẹ èmi ọmọ Yorùbá? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Baba, ẹ má bẹ̀ mí o! Kí layé fẹ́ wí?"

Ó yí padà, ó lọ. Ó rò pé mo kọ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì ó tún dé. Mo tún dọ̀bálẹ̀. Òjò ń rọ̀. Ó ní, "Ṣé o wà grand ṣá?" Bí wọ́n ṣe ń béèrè àlàáfíà ara níbí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, ó di apá mi mú kí n tó balẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àṣà wa ní kí n bẹ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí, ọrùn mi mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo wá bá, kì í ṣe ọrùn mi. Èèyàn ni wá, a máa ń ṣẹ̀. Erùpẹ̀ sì ń dúró dè mí. Ta lo fẹ́ wá dárí jì nínú erùpẹ̀?"

"Mo ti dárí jì yín, Baba."

Ó sunkún. Tèmi… atẹ́gùn ló fẹ́ sí mi lójú.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara, torí Múfù, bàbá yín. Ọdún mẹ́ta ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Ó kó lọ sí Clondalkin, àdúgbò mìíràn nínú ìlú yìí, láìsọ fún mi, inú bí mi. Mi ò lọ síbi ìsọmọlórúkọ rẹ, ìwọ Àdùkẹ́ tí ò ń rẹ́rìn-ín yẹn. Ṣé ẹ̀gbọ́n ń bẹ àbúrò ni?

Mo wọ bọ́ọ̀sì. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. "Múfù, mo ṣẹ̀ ọ́. Dárí jì mí."

"Há, Bọ̀dá mi! Ẹ fẹ́ pa mí ni?" Ó ti ń lọ sílẹ̀. Mo yára di apá rẹ̀ mú. Mo ti mọ iṣẹ́ náà.

Kí àwẹ̀ ọdún kejì tó dé, Bàbá Bẹ́njámínì ti wọlẹ̀. Mo bá àwọn èèyàn rẹ̀ bu erùpẹ̀ sí i. Kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan tó kù láàárín wa. Ọ̀dọ̀ mi ni ológbò rẹ̀ gbé títí tó fi kú. Irú kọ́ ló pa á.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ… Ẹ tètè máa bẹ ara yín, kí ẹ má baà lọ máa bá erùpẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bò ó o. Bàbá yín ti sọ fún gbogbo ẹbí pé òun lòún wá bẹ̀ mí. Ẹ wo bí inú rẹ̀ ṣe máa ń dùn tó bá ń sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀.