Ihò Tí Mo Gbẹ́ Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kànga Tíṣà

Naimat, gbé fóònù yẹn súnmọ́ ẹnu mi. Bí mo bá sunkún, má pa á. Bí mo bá parí, fi ohùn mi ránṣẹ́ sí gbogbo ará àdúgbò. Dókítà ní kíndìnrín mi ti bàjẹ́ tán, n kò sì ní gbé irọ́ yìí wọ sàréè.

Èmi Sàdíátù, aláró tí gbogbo Ẹdẹ mọ̀, òpùrọ́ ni mí. Àwọn oníbàárà ń wá láti Èkó, wọ́n ń ya àwòrán ìkòkò aró mi, èmi a sì máa sọ fún wọn pé, "Ewé èlú àti omi eérú nìkan ni o." Irọ́ burúkú! Ọdún keje rèé tí mo ti pa ìkòkò tì. Inú dúrọ́ọ̀mù, lẹ́yìnkùlé, ni mo ti ń po aró òyìnbó lẹ́búlẹ́bú mọ́ kọ́sítíìkì sódà tó ń bó awọ ọwọ́. Èlú a máa gba ọ̀sẹ̀ kan kó tó ṣeé rẹ aṣọ; èyí kò gba wákàtí kan. Ojúkòkòrò!

Aṣọ kan ṣoṣo, korobá omi mẹ́wàá la fi ń ṣàn án. Mo ní kí Teslim, àbúrò mi, gbẹ́ ihò tí a óò máa da omi náà sí, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án péré sí kànga Tíṣà Oyèwọlé, aládùúgbò wa. Ó kìlọ̀ fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ yìí ń mumi o. Kànga Tíṣà ńkọ́?" Mo jágbe mọ́ ọn: "Ṣé ìwọ lo gbẹ́ ẹ fún un?"

Kò pé oṣù mẹ́ta tí omi kànga náà bẹ̀rẹ̀ sí yọ̀ lọ́wọ́ bí omi ọṣẹ. Màmá Deborah, ìyàwó Tíṣà, bu ife kan wá. "Ìyá Naimat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ ọ wò. Inú ń run wá nílé. Àbí aró yín ló ń wọ̀ ọ́?" Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu burúkú yìí sọ! Mo ní, "Ta ni èlú pa rí? Ẹ lọ wo ṣáláńgá yín!" Mo kó àdúgbò jọ, mo fi Kùránì búra pé ṣáláńgá wọn ló ń jò sínú kànga. Ẹ gbà mí gbọ́. Inú ń bí mi sí yín títí dòní pé ẹ gbà mí gbọ́! Ẹ di kànga náà pa.

Màmá Deborah, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, wá ń pọnmi lódìkejì títì. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀kadà gbá a tòun ti kẹ́ẹ̀gì lórí. Èmi ni mo pa á, kì í ṣe ọlọ́kadà. Síbẹ̀ mo lọ bá wọn ṣọ̀fọ̀! Mo ká aṣọ tí mo rẹ nínú dúrọ́ọ̀mù yẹn, mo fi ta Tíṣà lọ́rẹ. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọlọ́run yóò san yín lẹ́san."

Mo ní, "Àmín."

Àná ni mo ránṣẹ́ pè é, mo jẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ má bẹ̀ mí. Kànga tèmi ti dí. Àwọn kànga yòókù ńkọ́?"

Ojúlé mẹ́rin tó ní kànga ló wà nísàlẹ̀ ihò yẹn, wọ́n sì pọnmi láàárọ̀ yìí. Ẹ má mu ún mọ́! Teslim, lọ fi ojú ihò náà hàn wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ẹ má fi orúkọ èlú bo sódà mọ́lẹ̀ láé. Ẹni tó bá sì fẹ́ dárí jì mí, kó kọ́kọ́ lọ da omi tó wà nínú àmù rẹ̀ nù.