Ìwé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wa Tí Ó Bá Èlùbọ́ Lọ sí Òkè-Ọyì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó mú mi dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì yìí láàárọ̀ òní, nítorí ní oṣù tí ó kọjá, ẹsẹ̀ náà wú débi pé bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ̀yin ará, ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń jókòó sí bẹ́ńṣì kẹta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, n kò sì dìde jẹ́rìí rí. Ṣùgbọ́n èyí tí Ọlọ́run ṣe yìí, bí mo bá gbé e mì, yóò há mi lọ́fun.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ọmọbìnrin tí mo lọ ní ìhà Ẹ̀gbá kéré púpọ̀. N kò fi ṣe àwàdà. Bẹ́ńṣì méjì ló gba gbogbo wa, bí ọ̀fìnkìn bá sì mú ẹnì kan, gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ni yóò máa sín. Míìsì tí ó dá a sílẹ̀, ọmọ Sàró ni. Lọ́jọ́ tí a jáde, ó sọ fún wa pé ilé ìwé tí ó kéré tó báyìí, bí àwọn tí ó jáde níbẹ̀ bá gbàgbé ara wọn, kò sí ohun tí ó kù ju òrùlé lọ. Nítorí náà ó fi àṣà kan lélẹ̀. Ìwé kan wà tí ó nípọn, tí a fi awọ bò. Lọ́dọọdún ni ìwé náà máa ń kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí yóò máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láàárín àwa tí a ti jáde. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò kọ ojú ewé kan: ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí a ti ń fi ẹ̀rọ ránṣọ. Yóò kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀, yóò sì fi ìwé ránṣẹ́ sí ẹni tí ó kàn. Ìwé gbọ́dọ̀ padà délé kí àjọ̀dún ìdásílẹ̀ tó pé, nítorí lọ́jọ́ náà ni wọn yóò kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí àwọn ọmọ tí ó wà níbẹ̀ lè mọ irú ẹni tí ó ti jókòó sórí bẹ́ńṣì wọn rí.

Èmi ni mo gbẹ̀yìn nínú àwọn tí ìwé ń dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí Ìlọrin ló jìnnà jù. Láti ọ̀dọ̀ mi, kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń lọ tààrà. N kò pa á mọ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ rí, mo sì máa ń fi èyí yangàn. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú yín.

Lọ́dún yìí, Míìsì kọ lẹ́tà sí mi pé ara òun kò gbé iṣẹ́ mọ́, pé bí àjọ̀dún bá ti parí, òun yóò wọ ọkọ̀ òkun padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí òun ní Sàró. Ó ní òun kò béèrè ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n sáà ka ìwé náà sí òun létí lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó lọ.

Ìwé dé ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Tíréènì tí ó lè gbé e dé kí àjọ̀dún tó pé, ti Ọjọ́rú nìkan ni. Mo kọ ojú ewé tèmi lójú ẹsẹ̀. Ẹ sì mọ ikán àdúgbò sitéṣọ̀n wa yìí. Ó ti jẹ ìwé orin wa, ó ti jẹ ìdajì àga Kátíkíìsì. Nítorí náà mo fi aṣọ di ìwé náà dáadáa, mo rì í sínú páànù èlùbọ́ mi, mo da èlùbọ́ bò ó, mo sì dé páànù. Mo dúró, mo wò ó, inú mi dùn sí ọgbọ́n ara mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní Àbámẹ́ta, mo wá gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì níhìn-ín. Ọjọ́ náà ni àwọn aládùúgbò wa, Bàbá Àmúdá àti ìyàwó rẹ̀, ń ṣe sùná, wọ́n ń sọ ọmọ-ọmọ wọn lórúkọ. Nígbà tí mo délé, páànù kò sí níbi tí mo gbé e sí. Mo bi ọkọ mi, akọ̀wé sitéṣọ̀n wa. Òun náà nìyẹn lápá ọkùnrin, tí ó ń wo ilẹ̀ yẹn.

“Bàbá Ṣọlá, páànù èlùbọ́ mi dà?”

“Mo ti gbé e fún àwọn ará ilé kejì. Ṣé kí n lọ síbi sùná lọ́wọ́ òfo ni?”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Ìwọ lo máa ń sọ pé ahun ni mí. Mo wá lawọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, o tún ń pariwo.”

Mo jókòó sílẹ̀, mo ṣàlàyé fún un. Ó ní, “Ìwé? Nínú èlùbọ́? Ta ní ń fi ìwé sínú èlùbọ́?” Nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, mo rí i pé kò bọ́gbọ́n mu tó bí mo ti rò.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ní lè lọ gba ẹ̀bùn sùná padà? Mo kọjá sí ilé kejì bí ẹni tí ó lọ kí wọn kú oríire. Ìyá Àmúdá dì mọ́ mi.

“Ìyá Ṣọlá, a dúpẹ́ o. Àlùbáríkà á wọlé yín. Páànù èlùbọ́ yẹn, àbúrò ọkọ mi tí ó wá láti Òkè-Ọyì ni a gbé e fún. Ó tilẹ̀ ti lọ.”

“Ṣé ó ti ṣí i?”

“Kí ló fẹ́ ṣí i fún? Ṣé ẹ fi ejò sínú rẹ̀ ni?”

Gbogbo àwọn obìnrin tí ó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bí mo bá ti sọ níbẹ̀ pé ìwé ni mo ń wá, ìyà mi ì bá dínkù, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Mo kàn béèrè orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Alfa Sálíù ni wọ́n ń pè é.

Lọ́jọ́ Àìkú mo wà láàárín yín, ṣùgbọ́n n kò mọ orin tí a kọ. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n má fi ìwé náà dáná. Mo gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ náà kò le, nítorí kò sí èlùbọ́ nílé.

Lọ́jọ́ Ajé, kí oòrùn tó yọ, mo ti wà lójú ọ̀nà. Mo pàdé àwọn tí ó ń ru iṣu bọ̀ wá sí ọjà Ipata, a kí ara wa. Ọ̀kan nínú wọn sọ ẹrù kalẹ̀ láti sinmi, mo sì bá a gbé e padà sórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tí mo dé Òkè-Ọyì, Alfa Sálíù jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹnu kálámù ìkọ̀wé rẹ̀.

“Ìyàwó Akọ̀wé! Ẹ kú ìrìn o. A jẹ èlùbọ́ yín lánàá, ó dùn. Ìwé yín náà tẹ̀ wá lọ́wọ́.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. “Alfa, níbo ló wà?”

“Mo ti kọ tèmi. Ó ti lọ.”

“Ó ti lọ síbo?”

Ó ní kí n kọ́kọ́ mu omi. Lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé. Ó ní òun kò lè ka ọ̀rọ̀ tiwa, ṣùgbọ́n òun mọ ọwọ́ ìkọ̀wé. Ọwọ́ tí ó kọ ojú ewé kan kọ́ ni ó kọ èkejì, olúkúlùkù sì fi ìlà kékeré kan parí tirẹ̀. “Mo sọ fún ìyàwó mi pé orúkọ nìyẹn. Àwọn tí ó jọ kàwé pọ̀ ni wọ́n ń kí ara wọn. Ojú ewé òfìfo sì kù lẹ́yìn. Mo ní, ẹni tí ó fi irú èyí ránṣẹ́ sí ni lọ́jọ́ ayọ̀, ó fẹ́ kí àwa náà kọ tiwa ni. Ṣé àwa kò jọ kéwú ni? Abẹ́ igi kan náà, wàláà kan náà, pàṣán kan náà!”

Alfa ti kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kún ojú ewé kan, ó fi lẹ́tà kéwú kọ ọ́, ó sì ti fi ìwé rán àwọn oníṣu sí ẹnì kejì rẹ̀ tí wọ́n jọ kéwú, ní Ipata.

“Ìgbà wo, Alfa?”

“Àárọ̀ yìí ni. Ẹ ó ti pàdé wọn lọ́nà.”

Ẹ̀yin ará, èmi ni mo bá wọn gbé ẹrù náà rù!

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo fi ẹsẹ̀ wíwú dé Ipata. Bàbá Oníṣu, ẹnì kejì Alfa náà, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan, jókòó láàárín iṣu rẹ̀. “Ó ti lọ,” ni ó kọ́kọ́ sọ. “Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo kọ ọ́, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí aránfìlà ní Ọjà Tuntun. Èmi kì í fi nǹkan falẹ̀. Ṣé lọ́dọọdún ni? Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ o, ọ̀rọ̀ tí mo ní kò tán.” Èmi tí mo ń fi ọjọ́ mẹ́ta yangàn! Ní Ọjà Tuntun, ilẹ̀kùn aránfìlà ti wà ní títì. Ìyá tí ó ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ fún mi pé ó ti gbé ìwé kan lọ sí àdúgbò sitéṣọ̀n, sọ́dọ̀ ẹnì kan tí wọ́n jọ kéwú, Bàbá Àmúdá.

Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ti rin Òkè-Ọyì, mo ti rin Ipata, ilé tí ó fara ti tèmi ni ìwé wà!

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó délé, wọ́n sì ti sùn. Ní Ọjọ́rú, bí ilẹ̀ ti ń mọ́, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ìwé wà lórí ẹní níwájú Bàbá Àmúdá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń po tàdáà tí yóò fi kọ tirẹ̀ ni. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ikán dé orí ẹsẹ̀ mi. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ìwé ni ẹ ń wá láti Àbámẹ́ta? Ẹ dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ ń béèrè orúkọ àbúrò ọkọ mi, mo rò pé ẹ fẹ́ wá aya fún un ni! Mo tilẹ̀ ti ránṣẹ́ sọ fún un.”

Mo bẹ Bàbá Àmúdá pé tíréènì ọ̀sán ni ìwé gbọ́dọ̀ bá lọ. Ó ní òun gbọ́. Ó ní ṣùgbọ́n gbogbo àwọn yòókù ti kọ tiwọn, bí tòun kò bá sí níbẹ̀, wọn yóò rò pé òun ti kú. N kò lè bá a jiyàn, nítorí ọ̀rọ̀ Míìsì ni ó ń sọ láìmọ̀. Mo jókòó. Ó kọ ìlà kan, ó rẹ́rìn-ín. Ó kọ òmíràn, ó nu ojú. Oòrùn gun àárín ọ̀run, ó ṣì ku ìdajì ojú ewé. Mo ń gbàdúrà nínú pé kí Olúwa mú gbogbo ìdènà kúrò lójú ọ̀nà.

Bàbá Ṣọlá sáré dé láti sitéṣọ̀n. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, tíréènì yóò pẹ́ kí ó tó dé, nítorí màlúù kan dùbúlẹ̀ sójú irin ní apá Jẹ́bà, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n tì í, ó kọ̀ kò dìde. Halelúyà! Èmi ń bẹ̀bẹ̀ kí Ọlọ́run mú ìdènà kúrò, n kò mọ̀ pé ìdènà gan-an ni mo nílò. Ìgbà tí Bàbá Àmúdá ku yanrìn sórí tàdáà kí ó lè gbẹ, ni a gbọ́ fèrè tíréènì. Bàtà mi wà lọ́wọ́ kan, ìwé wà lọ́wọ́ kejì, mo sáré. Ìwé bá a lọ. N kò ráyè kọ àlàyé kankan nípa ojú ewé mẹ́rin tí kì í ṣe tiwa.

Lẹ́tà Míìsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé dé ọ̀dọ̀ wọn ní ìrọ̀lẹ́ tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ àjọ̀dún. Wọ́n kà á dé ojú ewé tèmi, wọ́n kà á kọjá, wọ́n wá bá lẹ́tà kéwú pàdé. Wọ́n fẹ́ pa á dé. Míìsì ní wọn kò ní fo ohunkóhun nínú ìwé yìí. Ọmọ kan wá ní òun rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá Kúùkù nílé ìdáná.

Ẹ̀yin ará, Bàbá Kúùkù yìí ló se oúnjẹ fún èmi pàápàá. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì tí bẹ́ńṣì méjì gbà, n kò béèrè orúkọ rẹ̀ rí.

Wọ́n pè é. Ó fọ ọwọ́, ó ka ti Alfa Sálíù. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n rò pé ojú ló ń tì í. Ó ṣí ti Bàbá Oníṣu. Bàbá Oníṣu kọ ọ́ pé, Bùráímọ̀ tí ó jí àkàrà mẹ́ta òun lọ́jọ́ tí ó sá nílé kéwú, bí ó bá ṣì wà láàyè, kí ó kó o padà wá, kò sẹ́ni tí ó ń bínú mọ́. Àfi bí Bàbá Kúùkù ṣe figbe ta láàárín àjọ̀dún: “Irọ́ ni! Ẹyọ kan ni! Ẹyọ kan péré ni mo mú!” Ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Míìsì ní nínú gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń ka ìwé náà, èyí ni kíkà tí òun yóò gbé lọ sí Sàró.

Ọjọ́rú tí ó kọjá yìí ni Bàbá Kúùkù sọ̀ kalẹ̀ ní sitéṣọ̀n wa. Àwa márùn-ún la lọ pàdé rẹ̀, èmi àti àwọn bàbá mẹ́rin náà. Irùngbọ̀n gbogbo wọn ti funfun. Bàbá Oníṣu na ọwọ́: “Àkàrà mi dà?” Bàbá Kúùkù tú ìdì kan tí ó gbé bọ̀ láti ìhà Ẹ̀gbá, ó ka àkàrà mẹ́ta sí i lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹyọ kan ni mo jí. Méjì yòókù, ẹ̀bùn ni.” Àkàrà náà ti le bí òkúta. Bàbá Oníṣu jẹ ẹ́ tán lórí ìdúró níbẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ìwé nìkan ni mo bẹ Ọlọ́run fún. Ẹ̀yin ará, ẹ dìde, ẹ bá mi gbé ọpẹ́ yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí ó wúwo ju ẹrù tí èmi nìkan lè rù lọ, ẹsẹ̀ mi kò sì tíì gbádùn tán. Ògo ni fún orúkọ rẹ̀!