Eré Wo Ni Àlàájì Ní Kó Dín Kù?

Àwa mẹ́rin la wà nínú ilé wa ní Bódìjà lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí. Èmi wà ní pálọ̀, lẹ́bàá tẹlifóònù. Bísí àbúrò mi, tó wá kí wa láti Àpẹtẹ̀, jókòó níwájú mi, ó ń bó ẹ̀pà. Bàbá Fúnmi, ọkọ mi, wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bomi rin ewébẹ̀ wọn. Fúnmi, ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo, wà nínú yàrá pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ rẹ̀. Nínú àwa mẹ́rin, ọkọ mi ti lọ, Bísí ti ń gbàgbé nǹkan, Fúnmi kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ títí dòní. Èmi nìkan ló kù tó lè sọ ọ́.

Lóṣù tó kọjá ni Mojísọ́lá, ọmọ Fúnmi, bi ìyá rẹ̀ lójú mi pé ṣé òótọ́ ni pé ó ti fi àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ṣeré fún èèyàn rí, àti pé kí ló dé tó fi jáwọ́. Fúnmi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe tó ni. Ẹni tó gbà mí ló ní kí n rọra máa lọ." Mo dá òkèlè ọwọ́ mi padà sínú abọ́. Ṣé kí obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ṣì máa gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ nípa ara rẹ̀, nígbà tí mo mọ̀ pé irọ́ ni?

Fúnmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà, ó ń wá iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Àgbowó yá a ní ẹ̀rọ méjì tí ń lu àwo, àpótí kékeré tó máa ń wà láàárín wọn láti pa ohùn wọn pọ̀, àti páálí àwo kan tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Kì í ṣe jùjú, kì í ṣe fújì. Orin tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ni. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló máa ń fi wọ́n ṣeré ní hòtẹ́ẹ̀lì Àlàájì kan ní Ring Road. Èmi kò fẹ́ ẹ. Èmi ni mo máa ń ka ìran wa fún àwọn ọmọ, ta ló bí ta, dé ìran keje, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó ṣeré fún èèyàn jẹun rí nínú wa. Ìyẹn náà, irọ́ ni. Ìyá bàbá mi ń lé orin kiri ní Ìṣẹ́yìn, iṣu ni wọ́n fi ń san án. Mo kàn máa ń fo orúkọ wọn ni.

Ẹnu mi kò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n etí mi fẹ́ ẹ. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé orin kan á máa lọ, èmi á máa lọ ata ní kíṣìnnì, kí n tó mọ̀, ó ti di òmíràn, n kò sì ní mọ ibi tí ti àkọ́kọ́ parí sí. Ó dà bí ẹni tó sùn nínú mọ́tò ní Ìwó Road tó jí ní Dùgbẹ̀, tí kò mọ ìgbà tí wọ́n kọjá Gate. Nígbà tó sú mi, mo wọlé tọ̀ ọ́.

"Fúnmi, níbo ni ìyẹn parí sí?"

"Kò tíì parí, Màmá. Àwọn méjèèjì jọ ń lọ ni. Ẹ tẹ́tí sí i."

Ó mú aago ọwọ́ bàbá rẹ̀, a jọ ka bí ìlù ṣe ń dún láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní háùsì jẹ́ ọgọ́fà. Èyí tí wọ́n ń pè ní jọ́ńgùlù jẹ́ ọgọ́jọ, bí ẹni tí ajá ń lé. Ọ̀kan wà tó ń rìn bí ẹni tó yó, ọgọ́rin péré ni tirẹ̀. Fúnmi ní, "Eré ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà, Màmá. Bí eré wọn ò bá dọ́gba, wọn á máa kọlu ara wọn." Irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó lè fi kún eré orin tàbí kó dín in kù. Ó ní kí n dán an wò. Mo tì í títí dé òpin.

"Ẹ wò ó, ẹ ti sọ obìnrin tó ń kọrin di ẹ̀fọn."

A rẹ́rìn-ín títí. Mo wá bi í pé báwo lèèyàn ṣe ń ti ọgọ́rin dé ọgọ́jọ láìsọ ẹnikẹ́ni di ẹ̀fọn. Ó ní òun náà ò mọ̀. Ṣe lòun máa ń dá ìkíní dúró kóun tó gbé ìkejì sí i, àwọn oníjó á sì lọ jókòó.

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Ní ọjọ́ Àìkú, a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Aládùúrà ni wá, a ń kọ orin ìwé wọ́ọ́rọ́wọ́, a sì fẹ́ bọ́ sí kọ́rọ́ọ̀sì. Mo ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó dákẹ́. Ṣe làwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fi àtẹ́wọ́ kan sí àárín méjì. Orin ṣì ń rìn, ọwọ́ ti ń sáré, kọ́rọ́ọ̀sì sì gun orí ọwọ́ wọlé. Bí mo ṣe délé, n kò tíì bọ́ sùtánà lọ́rùn tí mo fi wọ yàrá rẹ̀.

"Ọgọ́rin lọ́nà méjì, mélòó ni?"

"Ọgọ́jọ, Màmá." Ó lanu sílẹ̀. Ó gbé méjèèjì sí i. Wọ́n wọnú ara wọn bí omi. "Màmá, dìjéè ni yín."

"Fi mí sílẹ̀, bàbá tó bí mi kì í ṣe onílù."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló lọ fi ṣeré ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó sì ní kò sẹ́ni tó jókòó. Ní ọjọ́ kẹta, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wí yẹn, tẹlifóònù dún. Àlàájì ni, ohùn wọn sì máa ń ta jáde débi tí Bísí ń gbọ́ ọ.

"Ìyá Fúnmi, ẹ kú ilé. Ọmọ yín gbayì. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún un kó dín eré kù díẹ̀ lápá ìparí, àwọn àlejò mi ń dàgbà, orúnkún ń dùn wọ́n. Ẹ tún sọ fún un pé mo fẹ́ kó máa wá ní Sátidé náà."

Mo pe Fúnmi. Mo ní, "Àlàájì pè. Wọ́n ní kó o dín eré kù."

Ó dúró. "Eré wo, Màmá?"

Ẹ̀yin náà mọ èdè wa. Ìsáré, eré ni. Ohun tí òṣèré ń ṣe, eré náà ni. Ẹlòmíràn lè ṣì í gbọ́, ṣùgbọ́n èmi tí mo bá a ka ọgọ́rin àti ọgọ́jọ? Mo wo ojú ọmọ mi, mo rò ó pé bí Sátidé bá kún un, kò ní wáṣẹ́ gidi mọ́, mo ní, "Ṣé eré méjì lò ń ṣe níbẹ̀ ni?"

"Wọn ò sọ nǹkan mìíràn?"

"Wọ́n ní kí n kí ọ."

Ó padà sí yàrá. Bísí ti dáwọ́ ẹ̀pà dúró. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ohun tí bàbá yẹn wí nìyẹn?" Mo ní ẹ̀pà rẹ̀ ni kó bó.

Mo mọ̀ pé Fúnmi kò ní lọ béèrè. Ọmọ mi ni. Bí ẹnìkan bá ní kó dín nǹkan kù, ṣe ló máa kúrò níbẹ̀ pátápátá. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti dá ẹ̀rọ padà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ni wọ́n. Àlàájì tún pè lẹ́ẹ̀mejì, mo ní ó ti ríṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì rí i. Oṣù kẹta lẹ́yìn náà, báńkì kan ní Dùgbẹ̀ gbà á, mo sì jó. Ó ti di ọ̀gá níbẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ó kọ́lé sí Challenge. Ẹ lè ní kí ni mo wá bà jẹ́? Ohun tí mo bà jẹ́ ni pé láti ọjọ́ náà ló ti gbà pé ọwọ́ òun kò dáa, nídìí iṣẹ́ tí Àlàájì tó gbà á ń fẹ́ kó máa ṣe sí i.

Òmíràn tún wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. A kò tíì rí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ti ọgọ́fà bọ́ sí ọgọ́jọ. Mo ṣì máa ń ka àtẹ́wọ́ lórí orúnkún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ yẹn ìbá ti rí i.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Tèmi ti lé ní ogún. Ẹ̀yin ìyá, bí ọmọ yín bá bi yín pé èwo, ẹ sọ èwo fún un.

Mojísọ́lá, ìyá rẹ ń bọ̀ ní Sátidé. Kó tó jókòó ti oúnjẹ, ka ìwé yìí sí i létí lójú mi, kó o kà á dé ibi tó ti bi mí pé eré wo. Bó bá dìde, má dì í mú. Bó bá sì jókòó, bi í bá mi pé báwo lèèyàn ṣe ń ti ọgọ́fà dé ọgọ́jọ.